Owó oṣù ń tán ní ọjọ́ kẹtàdínlógún: ẹ̀yin ará Èkó, ọgbọ́n wo lẹ ń dá sí i?

Aránṣọ Ìkòròdú

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ lórí ìkànnì yìí láìkọ nǹkan kan. Lónìí ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀fun, mi ò lè gbé e mì mọ́.

Èmi, ọkọ mi àti ìbejì wa tó jẹ́ ọmọ ọdún méje là ń gbé ní Ìgbógbó, Ìkòròdú. Marina ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, ₦185,000 ló ń mú wálé. Aránṣọ ni mí. Bí mo bá da oṣù tó dáa pọ̀ mọ́ èyí tí kò dáa, nǹkan bí ₦100,000 ló ń wọlé fún mi. Àpapọ̀ rẹ̀ ₦285,000. Nígbà tí mo wà lọ́mọge, bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé iye yìí á máa wọ ilé mi lóṣù, mo máa rò pé Ìkòyí ni mò ń gbé.

Ibi tí owó ń gbà lọ rèé:

Ọkọ̀ bàbá ìbejì, kẹ̀kẹ́ àti bọ́ọ̀sì BRT lọ bọ̀, ₦3,600 lójúmọ́, ọjọ́ 22: ₦79,200
Oúnjẹ ilé: ₦95,000
Bọ́ọ̀sì àti oúnjẹ ọ̀sán àwọn ọmọ: ₦24,000
Iná àti epo jẹnẹrétọ̀, ti ṣọ́ọ̀bù mi wà nínú rẹ̀: ₦32,000
Gáàsì: ₦14,000
Fóònù àti dátà: ₦12,000
Ti àwọn òbí wa nílé: ₦20,000

Ó jẹ́ ₦276,200. Ó yẹ kí ₦8,800 ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n bó bá ti di ọjọ́ kẹtàdínlógún, ojú ara wa là ń wò. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mi ò ṣe dáadáa? Ẹ má bú mi o.

Ọmọ Mushin

Àńtí, ẹ ò ṣe nǹkan kan. Sàpá ni. Kò mojú ẹnikẹ́ni. Mo ti gbé àpótí mi jókòó síbí, mo fẹ́ gbọ́ ohun tí àwọn àgbà máa sọ.

Akáńtì Fẹ̀yìntì

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Mo ti ṣe ìṣirò yín lẹ́ẹ̀mejì, kò sí àṣìṣe nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò rí owó ilé níbẹ̀, mi ò sì rí owó ilé-ìwé. Ṣé ilé bàbá yín lẹ̀ ń gbé ni?

Aránṣọ Ìkòròdú

Háà, rárá o, bàbá. Wọn kì í ṣe ti oṣù-oṣù ni mi ò fi kọ wọ́n. Owó ilé ₦550,000 lọ́dún, oṣù kẹsàn-án ló ń pé. Ilé-ìwé, ₦65,000 fún ọmọ kan ní sáà kan.

Akáńtì Fẹ̀yìntì

Wọn kì í ṣe ti oṣù-oṣù lóòótọ́, àmọ́ inú owó oṣù náà ni wọ́n á ti jáde. Ẹ pín ₦550,000 sí ọ̀nà méjìlá, ₦45,833. Ọmọ méjì, sáà mẹ́ta, ₦390,000 lọ́dún. Ẹ pín ìyẹn náà, ₦32,500. Ẹ fi méjèèjì kún èyí tí ẹ kọ, ó di ₦354,533. ₦285,000 ló ń wọlé. Ihò ₦69,533 ló wà nínú ìkòkò yín lóṣooṣù.

Owó yín ò sọnù. Ìwé yín ni kò pé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan tí mo ti ń rò láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì. Marina náà ni mo ti ṣiṣẹ́, ọdún 31. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kó lọ sí Abuja ní oṣù kejìlá ọdún 1991, àwọn ọ̀gá kan ní ọ́fíìsì wa sọ pé Èkó á rọ̀ wàyí, ilé á ṣófo, owó ilé á wálẹ̀. Ìjọba kó lọ lóòótọ́. Olú-ilé àwọn báńkì ńlá ò bá wọn lọ, ọjà ìpín ìdókòwò tó wà ní Customs Street ò lọ, èbúté Apapa ò lọ. Ibi tí iṣẹ́ bá wà ni èèyàn ń wọ́ tẹ̀ lé, èèyàn ló sì ń gbé owó ilé sókè. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ìlú tí báńkì kún fọ́fọ́ yìí náà ló ń sọ fún ẹni tó ń gba owó oṣù pé kó kó owó ilé ọdún kan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ayálégbé ló ń yá onílé lówó ní Èkó, kò sì gba èlé kankan.

Ní báyìí, ìbéèrè mi kan ló kù. Ibo lẹ ti ń rí owó dí ihò náà láti ọdún yìí wá?

Aránṣọ Ìkòròdú

Òru ni mò ń kọ èyí, bàbá ìbejì ti sùn. Kò mọ gbogbo rẹ̀.

Áàpù tó ń yáni lówó, mẹ́ta ló wà lórí fóònù mi. Mo yá nínú èkíní láti fi san owó ilé-ìwé, mo yá nínú èkejì láti fi san èkíní, ẹ mọ bó ṣe ń lọ. Oṣù tó kọjá mo pẹ́ ọjọ́ mẹ́rin kí n tó san ọ̀kan. Wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà mi pé olè ni mí, wọ́n fi fọ́tò mi sí i. Ìyàwó pásítọ̀ wa ló kọ́kọ́ pè mí.

Alábòójútó

Ẹnikẹ́ni tó bá fi ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ̀fẹ̀, mo máa ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn síta. Ìyá Ìbejì, àjọ FCCPC tó ń gbèjà oníbàárà ní àkójọ orúkọ àwọn ayánilówó orí fóònù tó gba àṣẹ, ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn. Ẹ yẹ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò nínú rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò àtẹ̀jíṣẹ́ náà pamọ́, ẹ fi ẹjọ́ wọn sùn lọ́dọ̀ àjọ náà.

Ọmọ Mushin

Àńtí, ẹ fún mi láyè kí n sọ tèmi, torí ó ṣe mí rí. Ohun tó gba ẹ̀mí mi là ni pé èmi fúnra mi ni mo kọ́kọ́ sọ fún àwọn èèyàn. Mo kọ ọ́ sórí WhatsApp mi pé, “Mo jẹ áàpù kan ní gbèsè, wọ́n lè kọ̀wé sí yín pé olè ni mí, ẹ má dá wọn lóhùn.” Láti ọjọ́ yẹn ni ìtìjú náà ti já kúrò lọ́wọ́ wọn. Ẹ lọ sínú fóònù yín, ẹ gba àṣẹ tí ẹ fún wọn láti máa wo nọ́ńbà àwọn èèyàn kúrò lọ́wọ́ wọn. Ẹ má yá tuntun mọ́ láti fi san ti tẹ́lẹ̀. Èyí tí èlé rẹ̀ le jù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pa.

Ẹ sọ fún ọkọ yín pẹ̀lú. Ẹ dárí jì mí tí ẹnu mi bá gùn.

Ìyá Aláta Mile 12

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Nǹkan á dáa.

Èmi ò mọ ti áàpù, ti oúnjẹ ni mo mọ̀. ₦95,000 fún ẹni mẹ́rin, ẹ ò jẹ àjẹjù, bí ẹ ṣe ń rà á ni ìṣòro. Mo mọ̀ pé ẹ̀bá ilé lẹ ti ń ra tòmátò, èyí tí wọ́n tò ní mẹ́rin-mẹ́rin sórí pákó. Tòmátò yẹn, láti Kano tàbí Kaduna ló ti gun ọkọ̀. Ẹni tó kó o wá jẹ èrè tirẹ̀, èmi náà jẹ tèmi, ẹni tó rà á lọ́wọ́ mi jẹ, ẹni tó tò ó sórí pákó níwájú ilé yín náà sì ní láti jẹun. Ìgbà tó máa dé inú ìkòkò yín, owó ẹni mẹ́rin ló wà lórí rẹ̀.

Ẹ wá obìnrin mẹ́rin ládùúgbò tí ẹ fọkàn tán. Ẹ jọ ra apẹ̀rẹ̀ kan, ẹ pín in. Ata rodo, tàtàṣé, àlùbọ́sà, bákan náà. Kí ẹnì kan ṣoṣo máa wá sọ́jà, kí àwọn tó kù dá owó ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ wá ní àárọ̀ kùtù nígbà tí ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń já ọjà, kì í ṣe Sátidé ọ̀sán tí gbogbo Èkó wà níbí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi tòmátò tó dáa bo ẹ̀ṣà lójú yín. Ẹ ní kó da apẹ̀rẹ̀ náà sílẹ̀ kí ẹ rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Tó bá kọ̀, ẹ kọjá síwájú. Kóńgò náà, ẹ máa fọwọ́ kan ìdí rẹ̀ kí wọ́n tó wọn gàrí tàbí ìrẹsì sí i. Àwọn kan ti fi òòlù gbá ìdí tiwọn wọlé. Ẹ sì máa béèrè èènì, kò sí ìtìjú níbẹ̀, èmi náà ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tí mò ń rà lọ́wọ́ wọn.

Oṣù kejì la wà yìí, àsìkò tòmátò ni. Ẹ rà á báyìí, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ sè é títí omi rẹ̀ á fi gbẹ, ẹ dà á sínú ìgò, ẹ da òróró lé e lórí. Tó bá ti di oṣù karùn-ún, òjò á dé, tòmátò á máa jẹrà lójú ọ̀nà, ẹ ó rí i bí yóò ṣe gòkè. Ẹni tó bá dàgbà á rántí ọdún 2016, tí kòkòrò Tuta absoluta jẹ oko tòmátò run ní Kaduna tí ìjọba ibẹ̀ fi kéde pàjáwìrì. Lọ́dún yẹn, mo rí obìnrin tó ka tòmátò ní ẹyọ-ẹyọ bíi pé ẹyin ló ń rà.

Ẹ̀wà, ẹ rà á lẹ́yìn ìkórè, láti oṣù kẹwàá sí oṣù kejìlá. Ẹ sá a, ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì tó gbẹ, ẹ dé e pinpin kí afẹ́fẹ́ má wọ ibẹ̀, kòkòrò ò ní rí èémí mí. Ẹ má fi oògùn apakòkòrò sí i o! Ẹ sì ṣọ́ra fún èyí tí ẹ ń rà: ẹ̀wà oṣù kẹfà tí kòkòrò kan ò fẹnu bà, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé kí ló fi sí i.

Aránṣọ Ìkòròdú

Ìyá, ẹ ṣeun gan-an. Ṣé kí bàbá ìbejì máa rà á bọ̀? BRT rẹ̀ ń gba Mile 12 kọjá.

Ìyá Aláta Mile 12

Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wá. Àwọn ọkùnrin kì í ná ọjà, wọ́n á ní àwọn ń yára.

Kọ́ńdọ́ Àtijọ́

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ dé wàyí. Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ sọ pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ, ẹnu ilẹ̀kùn dáńfó ni mo wà, Kétu sí CMS. Lítà epo ò tíì tó ₦200 láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Kí oṣù keje tó parí, ó ti lé ní ₦550. Owó òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ dúró sí ₦30,000 títí di oṣù keje ọdún 2024 kí wọ́n tó sọ ọ́ di ₦70,000. Ìjọba Èkó wá ní tàwọn á jẹ́ ₦85,000. Epo ò dúró dè wọ́n, ó ti kọjá lọ. Ìdí nìyí tí ₦185,000 tó dà bí owó ńlá lójú yín ò fi jẹ́ nǹkan kan mọ́, kì í ṣe pé ẹ̀ ń náwó nínàákúnàá.

Ohun tí mo mọ̀ ni pé àlọ ní iye, àbọ̀ ò ní iye. Láàárọ̀ gbogbo ọkọ̀ ló ń wá èrò. Nírọ̀lẹ́, pàápàá tí òjò bá ṣú, iye tó bá wù wá la ń pè. Kí bàbá ìbejì rọ owó sínú káàdì Cowry tó fi ń wọ BRT ní ọjọ́ tó bá gba owó oṣù, kí owó ọkọ̀ má sí lápò rẹ̀ tí dáńfó á fi tàn án. Ọkọ̀ ojú omi wà ní Ìpakodò náà tó ń lọ sí apá CMS, káàdì yẹn náà ni wọ́n ń lò nínú ti ìjọba. Kí ó lọ wo iye rẹ̀ àti aago rẹ̀. Àwọn aládàáni tó ń fi mọ́tò ara wọn lọ sí Island láti Agric tún ń gbé èrò mẹ́ta-mẹ́rin tí wọ́n mọ̀, owó oṣù kan ni wọ́n ń dá fún wọn.

Èyí tó dáa jù ni ọjọ́ tí kò jáde rárá. Kí ó bi ọ̀gá rẹ̀ bóyá ó lè máa ṣiṣẹ́ láti ilé lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀. Ẹnu ò pa ẹni tó bá béèrè.

Òṣìṣẹ́ Island

Ẹ kúrò ní Ìkòròdú ni tèmi. Ẹ wá ilé sí Yábà tàbí Èbúté-Mẹ́ta. Wákàtí mẹ́fà lójú pópó lójúmọ́, kí lẹ̀ ń dúró ṣe níbẹ̀?

Akáńtì Fẹ̀yìntì

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní wọ́n rí irú ilé kan náà ní ₦1,200,000, tí Ọlọ́run bá ṣàánú. Àfikún owó ilé nìkan, ₦650,000 lọ́dún. Éjẹ́ǹtì á gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, lọ́yà á gba mẹ́wàá, wọ́n á tún gba owó tí wọ́n ń pè ní caution, bí nǹkan bá bàjẹ́, ẹ pè é ní ₦100,000. ₦340,000 mìíràn ti lọ kí wọ́n tó gbé àga wọlé. Bí owó ọkọ̀ bàbá ìbejì bá wálẹ̀ láti ₦3,600 sí ₦1,400, ohun tí wọ́n á fi pamọ́ lọ́dún ò ju ₦580,800 lọ. Wọ́n á ra oorun, òótọ́ ni, oorun sì níye lórí. Àmọ́ wọn ò tíì lówó oorun.

Òṣìṣẹ́ Island

Ẹ ti pa mí lẹ́nu mọ́, bàbá. Mo gbà.

Onílé Agége

Mo ti ń ka bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ onílé bíi pé igi la ti já a. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi kọ́ ilé mi, búlọ́ọ̀kù kan lé èkejì. Símẹ́ńtì tí mo fi ń tún un ṣe ò mọ̀ pé àánú ayálégbé ń ṣe mí. Mo gba ẹnì kan láyè pé kó máa san oṣù-oṣù rí. Ó san oṣù mẹ́ta, ó gbé ibẹ̀ oṣù mọ́kànlá. Ẹjọ́ ló kù kí n gbé e lọ.

Ṣùgbọ́n Ìyá Ìbejì, ẹ gbọ́ ọgbọ́n kan lẹ́nu onílé. Ẹ má dúró títí owó á fi pé kí ẹ tó lọ bẹ̀bẹ̀. Ayálégbé tó bá wá bá mi ní oṣù mẹ́ta ṣáájú pé, “Bàbá, mo fẹ́ pín in sí méjì, ìdajì lónìí, ìdajì ní oṣù mẹ́fà sí i,” tí kò jẹ mí rí, màá gbà fún un. Èyí tó bá wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti pé, àwáwí ni mo máa pè é.

Akáńtì Fẹ̀yìntì

Onílé sọ òótọ́. Kí n sì fi òfin kún un: Òfin Ilé Gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ọdún 2011, sọ pé onílé ò gbọ́dọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé ọlọ́dọọdún tó ti wà nínú ilé. Òfin náà ò kan Apapa, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà, ṣùgbọ́n ó kan Ìkòròdú.

Ọmọ Mushin

Ìbéèrè kan o. Owó aṣọ ẹbí dà nínú ìwé yẹn? Mi ò rí i. Àbí wọn kì í ṣe ìnáwó ní Ìgbógbó?

Aránṣọ Ìkòròdú

Àbúrò, aṣọ ẹbí ni mo ń rán jẹun. Jọ̀ọ́, má ba ọjà mi jẹ́ níbí 😂

Ọmọ Mushin

Ah! Ẹ̀yin ará, ẹ máa ra aṣọ ẹbí o!

Alájọ Ojúwòyè

Aránṣọ, ṣé ẹ ń gba owó sílẹ̀ kí ẹ tó gé aṣọ? Ọ̀pọ̀ aránṣọ tí mò ń gba àjọ wọn, gbèsè aṣọ tí wọ́n ti rán ló ń pa wọ́n. Ìdajì kí ẹ tó fi sísọ́ọ̀sì kàn án, ìdajì kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá bínú, ẹ jẹ́ kó bínú lọ.

Ní ti owó ilé, ẹ lo èsúsú. Ẹni méjìlá, ₦46,000 lóṣù, ẹni tó bá kàn á kó ₦552,000. Ẹ bẹ̀bẹ̀ fún ọwọ́ tó máa bọ́ sí oṣù kẹsàn-án, kó lè jẹ́ pé ọwọ́ onílé ni owó náà máa gbà tààrà.

Ọmọ Mushin

Ìyá alájọ, ẹ̀bẹ̀ mo bẹ̀. Ẹni tó ní ihò ₦69,533, ibo ni yóò ti rí ₦46,000?

Alájọ Ojúwòyè

O jàre. Tí onílé bá gbà kí ó pín in sí méjì bí bàbá Agége ṣe wí, ìdajì rẹ̀ ₦275,000 ni. Ẹni méjìlá, ₦23,000, ẹ ó kó ₦276,000. Ẹgbẹ̀rún kan á ṣẹ́kù fún yín láti fi ra bírẹ́dì.

Ìyàwó Ṣọ́jà

Ẹ ṣọ́ra fún èsúsú o. Ẹni tó ń gba tiwa ládùúgbò, Ọjọ́bọ̀ ló gbà á, Jímọ̀ ló ti kó kúrò nílé. Ìṣòro ni kí ẹni méjìlá kó owó sọ́wọ́ ẹnì kan tí wọn ò mọ ìlú rẹ̀.

Alájọ Ojúwòyè

Ọ̀rọ̀ gidi. Kí ẹni tó bá kàn máa gba owó tààrà sínú àkáǹtì rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, kó má dúró sọ́wọ́ olórí kankan. Kí ẹ sì jẹ́ ẹni tí ẹ mọ ilé ara yín.

Alábòójútó

Mo ti yọ ọ̀rọ̀ ẹnì kan kúrò tó ní kí Ìyá Ìbejì gbé ₦50,000 wá kí òun sọ ọ́ di ₦100,000 lọ́jọ́ mẹ́wàá. Oṣù kejìlá ọdún 2016 ni ètò ìlọ́po owó MMM ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ owó àwọn èèyàn, a ò tíì gbàgbé.

Oníná Ṣómólú

Ẹ dárí jì mí, mo pẹ́ dé. ₦32,000 iná àti epo yẹn dùn mí. Àńtí, ẹ wo ríṣíìtì káàdì iná yín, lẹ́tà wo ló wà lẹ́yìn Band?

Aránṣọ Ìkòròdú

A ni.

Oníná Ṣómólú

Mo mọ̀. Oṣù kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n gbé Band A láti ₦68 sí ₦225 fún yúníìtì kan. Ó wálẹ̀ díẹ̀ sí nǹkan bí ₦209 kí ọdún yẹn tó parí. Wákàtí ogún lójúmọ́ ló yẹ kí wọ́n máa fún yín ní iná, torí náà kò yẹ kí ẹ tún máa ra epo jẹnẹrétọ̀ lọ títí. Áyọ́ọ̀nù yín, wáàtì 1,000 ni, àbí? Wákàtí kan rẹ̀, yúníìtì kan. Ẹ̀rọ ìránṣọ kékeré yín ò jẹ ju nǹkan bí wáàtì 100 lọ. Áyọ́ọ̀nù ló ń jẹ yín, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ẹ má máa tàn án sílẹ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́ nítorí àránpọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ kó gbogbo ohun tó yẹ kí ẹ lọ̀ jọ, ẹ lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sàn-án, lẹ́ẹ̀kan nírọ̀lẹ́, kí ẹ yọ wáyà rẹ̀.

Tí wọ́n bá mú iná, ẹ ní ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀, àbí ẹ ti tà á?

Aránṣọ Ìkòròdú

Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Màmá mi ló fún mi.

Oníná Ṣómólú

Ẹ gbé e jáde.

Ìyàwó Ṣọ́jà

Kí wọ́n kó àwọn ọmọ lọ sí ilé-ìwé ìjọba náà, owó ilé-ìwé ò sí níbẹ̀. ₦390,000 kì í ṣe kékeré.

Aránṣọ Ìkòròdú

Mo ti lọ wò ó, àǹtí. Mi ò bínú sí ẹni tó mú ọmọ rẹ̀ lọ síbẹ̀, àmọ́ mi ò tíì ṣe tán. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Akáńtì Fẹ̀yìntì

Kékeré kan kí n tó lọ sùn. Òfin owó orí tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2026 yìí. Wọn ò gba owó orí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún nínú owó tó kù lẹ́yìn àwọn ìyọkúrò. Ẹni tó ń san owó ilé lè yọ ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ kúrò kí wọ́n tó ṣírò, àmọ́ ohun tó máa yọ ò gbọ́dọ̀ ju ₦500,000 lọ. Tiyín jẹ́ ₦110,000. Ní ìpele ìdá 15 tí mo rò pé bàbá ìbejì wà, ₦16,500 lọ́dún nìyẹn, ó ra gáàsì kan pẹ̀lú èènì. Kí ó mú ríṣíìtì owó ilé lọ bá àwọn tó ń san owó oṣù ní ọ́fíìsì rẹ̀. Wọn kì í wá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Aránṣọ Ìkòròdú (oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ṣèlérí fún Bàbá Akáńtì pé màá padà wá jábọ̀.

Mo sọ fún bàbá ìbejì. Kò pariwo, ó kàn dákẹ́ fún ọjọ́ méjì, èyí tó burú ju ariwo lọ. Lọ́jọ́ kẹta ló ní kí n mú fóònù náà wá, a jókòó, a kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo gba aṣọ ẹbí ogójì èèyàn, mo gba ìdajì owó wọn sílẹ̀. Ẹni mẹ́ta bínú lọ, méjì padà. Áàpù méjì ti kúrò lọ́rùn mi, ó ku ọ̀kan.

Ọ̀gá rẹ̀ gbà kí ó máa ṣiṣẹ́ láti ilé ní Ọjọ́rú. Owó ọkọ̀ ti wá sí ₦64,800. Ọkọ̀ ojú omi, ó lọ sí Ìpakodò, ó wo omi náà, ó padà wálé. Ó ní omi ò ní ibi téèyàn á dì mú.

Oúnjẹ ti bọ́ sí ₦78,000. Àwa mẹ́rin là ń pín in. Ẹ̀ẹ̀kan péré la pàdánù, Jímọ̀ kan la rà á, òjò pa á lọ́kọ̀, ìdajì apẹ̀rẹ̀ di omi kí ilẹ̀ tó mọ́. Tòmátò inú ìgò tí mo sè ní oṣù kẹta ṣì ku mẹ́fà. Iná àti epo, ₦25,000. Ẹ̀rọ màmá mi ń ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ ló ń dùn mí.

Onílé ò kọ́kọ́ gbà. Mo lọ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo mú ríṣíìtì ọdún mẹ́rin dání. Ó ní òun gbọ́, ìdajì-ìdajì. Èsúsú wa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta, ọwọ́ keje ni tèmi.

₦38,400 ló ti dínkù. Ihò náà ṣì wà, bàbá, ₦31,133. Mo ti bá ilé-ìwé méjì sọ̀rọ̀ nípa yúnífọ́ọ̀mù oṣù kẹsàn-án, ọ̀kan ti ní kí n mú àpẹẹrẹ wá.

Akáńtì Fẹ̀yìntì

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kọ owó yúnífọ́ọ̀mù náà sílẹ̀ nígbà tó bá dé ọwọ́ yín, ẹ má kọ ọ́ ṣáájú.

Ìyá Aláta Mile 12

Mo ti rí tòmátò tí ẹ wí. Èmi ò ní kẹ́ ẹ wá ní Jímọ̀. Ẹ wá ní Túsìdeè, kí aago méje tó lù, ọkọ̀ alùbọ́sà kan ń bọ̀. Ẹ mú àpò dání o, ọ̀rá ti wọ́n.

Aránṣọ Ìkòròdú

À ń bọ̀, ìyá. Àwa márùn-ún ni báyìí, ìyàwó pásítọ̀ ti darapọ̀ mọ́ wa.